Ti Àpáta Ni, Àbí Tiwa?

Ní oṣù Òkúdù ọdún 1989, mo rí ohun kan nínú maikirosíkóòpù tí mo rò pé yóò sọ mí di olókìkí. Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Iṣẹ́ mi ni láti máa wo àfọ́kù òkúta tí wọ́n ń gbé wá láti inú kànga epo rọ̀bì ní Niger Delta, kí n máa wá òkú àwọn ẹ̀dá kékeré inú rẹ̀, kí n sì ti ara wọn sọ ọjọ́ orí òkúta náà fún àwọn tó ń gbẹ́ kànga. Ẹsẹ̀ bàtà 10,400 ni wọ́n kọ sára àpò tó wà níwájú mi lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mo rí rí roboto, ó mọ́ gaara, ojú ihò kan ṣoṣo ló ní, òrùka sì yí ojú náà ká. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí ti mọ̀ pé lẹ́búlẹ́bú òdòdó koríko ló máa ń rí bẹ́ẹ̀, ohun tí olóyìnbó ń pè ní pollen. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú òkúta Niger Delta, Monoporites annulatus la máa ń kọ sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n èyí fi ìlọ́po méjì tóbi ju gbogbo èyí tí mo ti rí rí lọ. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ya àwòrán rẹ̀. Kí n má purọ́, mo ti ń ro orúkọ tí mo máa sọ ọ́.

Ọ̀gá mi, àgbàlagbà ará Ìjẹ̀bú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, wá tẹ ojú mọ́ ẹ̀rọ náà. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó ní, “Àbúrò, wíńdò yẹn ńkọ́?”

Mo ní, “Mo ti ṣí i láti àárọ̀, sà. Ooru mú.”

Ó ní, “Mo rí i. Wá bojú wo ìta.”

Mo bojú wo ìta. Bàbá ọlọ́dẹ wa ti gbin àgbàdo láti ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ títí dé ẹnu géètì. Gbogbo rẹ̀ ló ti yọ òdòdó lórí, atẹ́gùn sì ń mì í síbí sọ́hùn-ún. Àgbàdo tó jẹ́ pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, tí kò tíì lò ju nǹkan bí ọdún 500 lọ lọ́dọ̀ wa, ni mo fẹ́ sọ di ẹ̀dá tó ti kú kí ọmọ ènìyàn tó wà láyé.

Ọ̀gá kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n padà sídìí ẹ̀rọ, kí n wo àwọ̀ rẹ̀, kí n sì wo àwọ̀ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn yòókù pọ́n bíi tíì tí wọn kò da mílíìkì sí. Èyí mọ́ bí omi òjò. Ilẹ̀ a máa gbóná sí i bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ohun tó bá sì ti pẹ́ níbẹ̀, ooru á ti sè é: yóò kúrò ní àwọ̀ ìyeyè, yóò pọ́n, yóò wá dúdú bí èédú. Ohun tí ooru kò fọwọ́ kàn nínú òkúta tí ooru ti sè, àlejò ni. Ọ̀gá ní, “Kí o tó bi í pé kí lorúkọ ẹ, kọ́kọ́ bi í bóyá ilé ẹ nìyí.”

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè yìí gan-an ló ń da àwọn tó ń wá ẹ̀dá àkọ́kọ́ tó gbé ilé ayé láàmú, àwọn tí òkúta tiwọn fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po dàgbà ju tèmi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àfọ́kù òkúta ṣe ń dé ọwọ́ wa. Bí irin bá ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ, wọ́n a máa ti ẹrẹ̀ kan gba inú rẹ̀ wọlẹ̀, ẹrẹ̀ yìí náà ló ń gbé àfọ́kù òkúta padà wá sókè. Àwọn òṣìṣẹ́ orí rìgì á bù ú, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á dì í sínú àpò aṣọ, wọ́n á kọ iye ẹsẹ̀ bàtà sí i. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ògiri ihò a máa ya lulẹ̀ láti òkè, òkúta tó jẹ́ ọmọdé á sì já bọ́ sáàárín àwọn àgbà. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gbẹ́kẹ̀ lé ibi tó jìn jù lọ tí a ti rí ẹ̀dá kan; ibi tí a ti kọ́kọ́ bá a pàdé láti òkè la máa ń fàmì sí. Ẹrẹ̀ náà pàápàá kì í ṣe ẹni à ń finú hàn. Nígbà mìíràn wọ́n á po èédú ilẹ̀ mọ́ ọn, lẹ́búlẹ́bú òdòdó àtijọ́ láti orílẹ̀-èdè mìíràn á sì ti kún inú èédú náà. Wọ́n tún máa ń lọ èèpo walnut sí i kó lè dí ihò ara òkúta tó bá ń fa ẹrẹ̀ mu. Mo mọ ẹnì kan tó fi odidi ọ̀sẹ̀ kan ṣàpèjúwe igi tí kò hù ní Áfíríkà rí.

Lẹ́yìn èyí ló kan ásíìdì. Hydrochloric á kọ́kọ́ jẹ ẹfun inú òkúta, á máa hó bí ọṣẹ. Hydrofluoric á tẹ̀ lé e, èyí tó ń jẹ yanrìn, tó ń jẹ amọ̀, tó sì lè wọ ara ènìyàn dé eegun kí onítọ̀hún tó mọ̀ pé nǹkan kan kàn òun. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, ohun tó máa ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ife kò ju ìdajì ṣíbí tíì lọ, ó dúdú, kò ní òórùn. Inú ìyẹn ni mo ti jẹun fún ọdún tó lé ní ọgbọ̀n.

Nítorí pé ihò ni mo mọ̀, ihò náà ni mo máa ń fi ṣàlàyé ọjọ́ orí ayé fún àwọn ọmọ tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ní 1956, Clair Patterson ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé lórí òjé tó wà nínú àwọn òkúta tó já bọ́ láti òfuurufú, ó sì ṣírò rẹ̀ pé ayé ti tó bílíọ̀nù ọdún 4.55. Nọ́ńbà yẹn kò tíì yẹ̀ kúrò níbẹ̀ lọ títí. Ká wá ní mítà kan dúró fún mílíọ̀nù ọdún kan. Ihò wa yóò jìn tó nǹkan bíi mítà 4,540, rìgì tó lágbára á gbẹ́ ẹ. Gbogbo ohun tí irú ènìyàn tiwa yìí ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà àkọ́kọ́. Àgbàdo tó wà lóko wa kò ju ìdajì mìlímítà lọ. Òkúta Niger Delta tí mo fi ayé mi wò kò kọjá mítà 23. Ní mítà 66 àwọn dínósọ̀ tán. Ní mítà 252 ikú ńlá kan jà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá inú òkun mọ́. Ní nǹkan bíi mítà 539 ni sànmánì Cambrian bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹranko oníkarawun àti ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i, bíi mítà 575, ẹ ó rí àwọn ẹ̀dá òkun rírọ̀ kan tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ bí ewé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa gbẹ́ lọ. Mítà 1,000. Mítà 2,000. Mítà 3,000. Kò sẹ́ja, kò sígi, kò sí kòkòrò. Bí ẹ bá fara balẹ̀ gan-an, ní nǹkan bíi mítà 1,050 ẹ lè rí okùn tín-ín-rín ewéko òkun pupa kan tí wọ́n rí nínú òkúta ní àríwá Kánádà. Yàtọ̀ sí irú wọn tó ṣọ̀wọ́n, ohun yíyọ̀ ni ẹ óò máa bá pàdé, irú ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń mú ènìyàn yọ̀ ṣubú lẹ́nu kànga nígbà òjò. Òun náà, òun náà, títí dé nǹkan bíi mítà 3,480. Bí wọ́n bá ní kí n kọ ìwé ìtàn ayé, tí mo bá pín ojú ìwé bí ọdún ṣe pín, ohun yíyọ̀ yìí ni ì bá gba ìwé náà tán, erin àti kìnnìún ì bá wà nínú àfikún lẹ́yìn ìwé.

Nítòsí mítà 3,480 yẹn àti nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ìjà ti le jù. Ẹ sì wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà: àwa kì í gba ibi tó jìn jù lọ gbọ́, ibi tó jìn jù lọ gan-an ni àwọn tiwọn ń wá. Ipò tó burú jù fún ẹlẹ́rìí ni wọ́n wà.

Wọ́n ti ń ṣubú nídìí irú ìwákiri yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 1865, J. W. Dawson ní Kánádà sọ ohun kan tó ní ìlà funfun àti ìlà aláwọ̀ ewé nínú òkúta àtijọ́ ní Eozoön canadense, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹranko ìdájí ilẹ̀ Kánádà. Darwin pàápàá, tí inú rẹ̀ kò dùn pé kò sí fọ́síìlì nísàlẹ̀ Cambrian, mẹ́nu kàn án nínú ìwé rẹ̀ nígbà tó tún un tẹ̀ ní 1866. Ní 1894, wọ́n rí ìlà kan náà gẹ́lẹ́ nínú òkúta tí òkè oníná Vesuvius pọ̀ jáde ní Ítálì. Ooru ló ya ìlà náà, ẹranko kankan kò sí níbẹ̀. Dawson kò gbà títí ó fi kú. Mo máa ń káàánú rẹ̀. Bí ọ̀gá mi kò bá wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ńkọ́?

Ní 1993, J. William Schopf ní Amẹ́ríkà ṣàpèjúwe oríṣi okùn wínníwínní mọ́kànlá láti inú òkúta kan tí wọ́n ń pè ní Apex chert, ní agbègbè Pilbara, ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù ọdún 3.5. Àwòrán wọn wọ inú ìwé ilé ẹ̀kọ́ káàkiri. Ní 2002, Martin Brasier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo òkúta náà níbi tó wà, wọ́n ní ihò tí omi gbígbóná ti gba abẹ́ ilẹ̀ tú jáde ló wà, àti pé kábọ́nù tó sá lọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kóró òkúta ló dà bí okùn. Wọ́n ṣì ń fà á. Ní 2016, àwọn kan kéde pé àwọn rí òkìtì tí ohun yíyọ̀ mọ ní Isua, Greenland, nínú òkúta bílíọ̀nù ọdún 3.7. Lẹ́yìn ọdún méjì, Abigail Allwood àti àwọn mìíràn yí òkúta náà po, wọ́n ní bí ilẹ̀ ṣe fún un tó sì nà án ló jẹ́ kó rí ṣóńṣó bẹ́ẹ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Jochen Brocks. Ní 1999, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde nínú ìwé ìròyìn Science pé àwọn rí ìtọpa epo nínú òkúta Pilbara tó jẹ́ bílíọ̀nù ọdún 2.7. Ọ̀rá ara ẹ̀dá a máa fi egungun kẹ́míkà sílẹ̀ lẹ́yìn tí ohun gbogbo bá ti rà, irú egungun tí wọ́n sì rí jẹ́ ti àwọn ẹ̀dá tí sẹ́ẹ̀lì wọn ní kókó nínú, ìdílé tiwa, ti igi, ti olú. Ó túmọ̀ sí pé ìdílé wa ti fi ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù ọdún dàgbà ju bí a ṣe rò lọ. Àwọn oníwèé tún ìwé wọn kọ.

Ní 2008, wọ́n padà wọn kábọ́nù dúdú líle tó wà nínú òkúta náà gan-an, wọ́n fi wé ti epo. Kò bára mu. Epo náà kì í ṣe ọmọ ilé. Brocks fọwọ́ sí ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ gbẹ́ ihò tuntun ní Pilbara, wọ́n fọ gbogbo irin, wọn kò jẹ́ kí epo ẹ̀rọ kan òkúta, wọ́n sì pín in fún láàbù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 2015 àbọ̀ jáde: kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ní 1999, ìta ló ti wọlé. Orúkọ Brocks tún wà lára àwọn tó kọ èyí náà. Ẹni tó bá ti ro orúkọ tó máa sọ ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ rí nìkan ló mọ bí irú ìfọwọ́sí bẹ́ẹ̀ ṣe wúwo tó.

Ṣé kò wá sí ohun tó dáni lójú ni? Ó wà. Ní Pilbara yìí kan náà, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Strelley Pool, òkúta kan wà tó jẹ́ bílíọ̀nù ọdún 3.43. Òkìtì kéékèèké kún ara rẹ̀, bí a bá là wọ́n, wọ́n ní ìpele lórí ìpele bí orí àlùbọ́sà. Stromatolite ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń dá kò le: ohun yíyọ̀ tẹ́ ara rẹ̀ bí ẹní sí etí òkun, ìgbì da yanrìn lé e lórí, ó gun orí yanrìn náà nítorí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń jẹ, ìgbì tún dà, òun náà tún gùn. Ní 2006, Abigail Allwood, ẹni tó tako ti Greenland nígbà tó yá, fi hàn pé oríṣi òkìtì méje ló wà níbẹ̀, pé wọ́n tò lọ ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá, àti pé bí omi ṣe jìn sí ni oríṣi kọ̀ọ̀kan ṣe wà ní ibi tirẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n gbà á gbọ́ nìyẹn. Òkìtì kan ṣoṣo lè jẹ́ iṣẹ́ òkúta. Àmọ́ ìlú tó tò lẹ́sẹẹsẹ, tí apẹja wà létí omi tí àgbẹ̀ sì wà lókè, àwọn ará ìlú ló tò ó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ ìdílé yẹn ṣì wà láyé. Ní Hamelin Pool, Shark Bay, ní Ọsirélíà kan náà, iyọ̀ inú omi ibẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti òkun, àwọn ìgbín òkun tí ì bá máa fi ohun yíyọ̀ jẹun kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbé ibẹ̀, nítorí náà stromatolite ń mọ òkìtì rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Kẹ́nikẹ́ni má torí èyí ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú o. Ẹ lọ sí Olúmọ, tàbí kí ẹ gun òkè Ìdànrè, kí ẹ wo ojú ibi tí omi òjò máa ń gbà ṣàn wálẹ̀ lára àpáta. Ó dúdú bí ẹni da ọ̀dà sí i. Àwọn kan rò pé àwọ̀ àpáta ni, àwọn kan ní èéfín ni. Ẹ̀dá alààyè ni, cyanobacteria, ìdílé ohun yíyọ̀ wa yẹn, ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ wọn á gbẹ, wọ́n á rún wómúwómú. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá kàn wọ́n, kò ní pẹ́ rárá tí wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: wọ́n á gba ìmọ́lẹ̀, wọ́n á gba omi, wọ́n á máa tu ọ́síjìn jáde. Mo ti bu díẹ̀ nínú rẹ̀ rí ní Abẹ́òkúta, mo fi omi rin ín, mo gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù. Okùn aláwọ̀ ewé dúdú, sẹ́ẹ̀lì tò tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀, àpò rírọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ bò wọ́n. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo tún yẹ àwòrán fọ́síìlì Gunflint wò, èyí tí Stanley Tyler rí nínú òkúta dúdú ní etí Lake Superior, tí òun àti Elso Barghoorn kéde ní 1954. Bílíọ̀nù ọdún 1.88 ni. Mo fi àwòrán náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, mo ń wo ọ̀tún, mo ń wo òsì. Ìyàwó mi pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, mi ò gbọ́.

Ọ́síjìn tí wọ́n ń tu yìí, májèlé ni nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ẹ̀dá tó wà kò mọ̀ ọ́n. Irin tó ti yòrò sínú òkun ló kọ́kọ́ ń gbé e mì: ọ́síjìn bá irin pàdé, ó dípẹtà, ó rọ̀ sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun. Ìpele irin, ìpele yanrìn, ìpele irin. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ló wà ní Itakpe ní Ìpínlẹ̀ Kogi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru ti tún un sè lẹ́yìn náà; ẹni tó bá wọ rélùwéè láti Warri, ìdí òkúta onípele yẹn ló ń lọ sọ̀ sí. Láti bíi bílíọ̀nù ọdún 2.4 sẹ́yìn, ọ́síjìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ kù sínú afẹ́fẹ́. A ti ṣe mọ̀? Nínú òkúta ìsàlẹ̀ odò àtijọ́ ní Witwatersrand, Gúúsù Áfíríkà, tó dàgbà ju ìgbà yẹn lọ, pyrite, òkúta tí irin àti imí-ọjọ́ para pọ̀ di, àti òkúta yuréníọ̀mù yí gbirigbiri bí òkúta wẹ́wẹ́ lásán. Bí ẹ bá ju pyrite sínú odò lónìí, kò ní lọ jìnnà tí afẹ́fẹ́ á fi jẹ ẹ́ di ìpẹtà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù ni Gabon, níbi tí ìbéèrè ọ̀gá mi ti yí orí padà. Ní 1972, láàbù kan ní Pierrelatte, ilẹ̀ Faransé, ń wọn yuréníọ̀mù tí wọ́n wà láti Oklo. Gbogbo yuréníọ̀mù inú ayé, ìdá kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 235 máa ń jẹ́ 0.720 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Oklo jẹ́ 0.717. Kékeré ni lójú, ṣùgbọ́n ó tó láti kó ìpayà bá àwọn tó ń ṣọ́ kí ẹnikẹ́ni má jí 235 fi ṣe ohun ìjà. Wọ́n rò pé nǹkan ti kó wọ̀ ọ́ láti ilé iṣẹ́, pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni. Wọ́n yẹ gbogbo ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wọn wò títí wọ́n fi padà dé ìdí ihò ní Gabon. Ti àpáta ni! Ní nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún méjì sẹ́yìn, yuréníọ̀mù kó ara jọ síbẹ̀, omi rin ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó fúnra rẹ̀ bí iná rìákítọ̀. Kò sí ẹnjiníà níbẹ̀. Nígbà náà, ìdá 235 ju mẹ́ta lọ nínú ọgọ́rùn-ún, ó ṣì lágbára. Ṣùgbọ́n kí yuréníọ̀mù tó lè yòrò sínú omi, kó rìn, kó sì kó jọ lójú kan, omi náà gbọ́dọ̀ ní ọ́síjìn. Ohun yíyọ̀ ló dáná Oklo.

Nítòsí ibẹ̀ náà, ní Franceville, ni Abderrazak El Albani àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kéde ní 2010 pé àwọn rí fọ́síìlì tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12 nínú òkúta bílíọ̀nù ọdún 2.1. Àwọn kan ní ẹ̀dá ni, àwọn kan ní pyrite tó wú lásán ni. Wọ́n máa ń bi mí ní ìpàdé. Mo ti wo àwòrán wọn dáadáa. Etí wọn tó rí wájawàja wù mí, síbẹ̀ mi ò tíì fọwọ́ sí i.

Kíkọ̀ náà kì í ṣe ọgbọ́n nígbà gbogbo. Ní 1956, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tina Negus rí ohun tó dà bí imọ̀ lára àpáta ní Charnwood Forest, England. Ó sọ fún olùkọ́ rẹ̀. Olùkọ́ ní kò lè sí fọ́síìlì níbẹ̀, àpáta náà ti dàgbà jù. Ọ̀rọ̀ parí. Lọ́dún kejì, ọmọkùnrin kan, Roger Mason, rí ohun kan náà, àwọn àgbà sì tẹ̀ lé e lọ wò ó. Charnia ni wọ́n sọ ọ́ ní 1958, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀dá ńlá àkọ́kọ́ tí òkúta tọ́jú fún wa. Reginald Sprigg ti rí irú ẹgbẹ́ wọn ní Ediacara, Ọsirélíà, láti 1946, àwọn àgbà kò kọ́kọ́ kà á sí. Nítorí náà mo máa ń rántí ọmọbìnrin yẹn bí ẹnu mi bá ti fẹ́ yá láti sọ pé àgbàdo ni.

Lẹ́yìn Charnia, ìtàn náà kún fún eré àti ariwo, àwọn mìíràn sì mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ: ìkarawun, eyín, ojú, egungun, ẹja, ewéko tó gun orí ilẹ̀. Kò gba ju mítà 539 nínú ihò wa lọ.

Wọ́n máa ń béèrè pé kí ló dé tí a kò rí ẹ̀dá àtijọ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, nígbà tó jẹ́ pé orí àpáta arúgbó ni a kọ́ Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ lé. Àpáta wa ti wọ iná ni. Ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 600 sẹ́yìn, ilẹ̀ fún ara wọn pa níbí, òkúta rọ̀, ó nà, ó ká bí ẹní, gíráníìtì gbígbóná sì gun àárín rẹ̀ wá sókè. Bí ohun ẹlẹ́mìí bá wà nínú rẹ̀ rí, ó ti sè kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè dá mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ kan fọ́síìlì, kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ewékorò. Òkúta ẹfun ibẹ̀ kò tíì ju nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 60 lọ, ìkarawun ìgbín òkun àti ọwọ́ akàn kún inú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè kọ odidi ìwé lé wọn lórí ní 1977. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo jókòó sórí ìgbín òkun kan jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà, mi ò mọ̀.

Síláìdì àgbàdo mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò pa nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ rẹ́. Bí ọmọ tuntun bá ti lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa, mo máa ń gbé e fún un láìsọ nǹkan kan, kó sọ ohun tó rí. Èyí tó pọ̀ jù á kọ Monoporites, wọ́n á fi àmì ìyanu sí i. Àwọn kan ti bá mi yọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan tẹ ojú mọ́ ẹ̀rọ. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó yí síláìdì náà lọ, ó yí i bọ̀, ó wo àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹsẹ̀ bàtà mélòó ni wọ́n ní wọ́n ti gbé e wá?”

Mo ní, “Ẹgbàárùn-ún lé irínwó.”

Ó tún tẹ ojú mọ́ ọn. Ó ní, “Kí wá ló dé tí kò pọ́n?”

Mo dìde lọ ti wíńdò.